Bí Ọmọ Bá Yí Ojú Kúrò Níbi Oúnjẹ

Ní oṣù kẹta ọdún 2010, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ oṣù 10 kú ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe ebi ló pa á. Oúnjẹ ló pa á. Oúnjẹ ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ló yẹ kó máa wọ̀, òtútù àyà tí ó dá sílẹ̀ níbẹ̀ ló sì gbẹ̀mí ọmọ náà. Ìyá tó bí i ló da oúnjẹ yẹn sí i lẹ́nu.

Mi ò ní dárúkọ ìyá náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jáde nínú ìwé ìròyìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti jìyà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìwọ tí o ní ọmọ ọwọ́, tàbí ìwọ tí o ń bá ọmọ rẹ wo ọmọ, fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí pé ohun tí ó ṣe kò ṣàjèjì sí ilé tiwa.

Ọmọ ilẹ̀ Gánà ni. Kì í ṣe aláìmọ̀kan rárá. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn gan-an ló fi ń jẹun. Ohun tó gba ọkàn rẹ̀ ni ìwọ̀n ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ òun kò wúwo tó. Ọmọ kì í sì jẹ tó bí ìyá ṣe fẹ́ kó jẹ. Bó ṣe di pé ó lọ oúnjẹ kúnná nìyẹn, ó sọ ọ́ di ohun tó ń ṣàn, ó bù ú sínú jọ́ọ̀gì, ó sì ń dà á sí ọmọ lẹ́nu, bí ọmọ fẹ́, bí ọmọ kọ̀.

Jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ìgbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá gbé irú jọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ikú ti ń wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bọ́ ọmọ rí mọ bí ìgbà yẹn ṣe máa ń rí. Ọmọ pa ẹnu dé. Ó yí ojú kúrò. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú ìyá ní ìṣẹ́jú yẹn. Ó lè gbé oúnjẹ kalẹ̀, kó nu ọmọ lẹ́nu, kó dúró di ìgbà tí ebi bá tún pa á. Ó sì lè pinnu pé ohun tí ọmọ ń wí kò já mọ́ nǹkan kan. Má sọ fún mi pé ọmọ oṣù mẹ́fà kò lè sọ̀rọ̀. Ó ti sọ̀rọ̀. Ó pa ẹnu dé, ó yí ojú kúrò, ó fi ọwọ́ ti ṣíbí. Èdè tó ní náà nìyẹn, kò ní òmíràn. Ẹni tó bá wá di orí rẹ̀ mú lẹ́yìn ìyẹn ti gbọ́ ohun tó sọ; ó kàn borí rẹ̀ nítorí pé ó lágbára jù ú lọ ni.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í sábà sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ọmọ á ké, á gbé e mì, á sùn. Jọ́ọ̀gì á ṣófo, ọkàn ìyá á balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì á tún ṣe é. Bí nǹkan tó léwu ṣe ń di àṣà nìyẹn. A ṣe é lónìí, kò pa ni. A ṣe é lọ́la, kò pa ni. A wá gbà pé kò lè pa ni láéláé. Ìyá tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò da oúnjẹ sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti mọ́ ọn lára. Gbogbo ìgbà tí ó ṣe é tí ọmọ sì yè é, ńṣe ni ọkàn rẹ̀ ń le sí i, títí di ìgbà tí ọmọ kò yè é mọ́.

Ní ọdún 2011, ó dúró níwájú adájọ́ ní Old Bailey, ilé-ẹjọ́ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n rán an lọ. Abiyamọ tó sin ọmọ, tó tún ṣẹ̀wọ̀n lórí ikú ọmọ náà: kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ dán wa wò.

Ìwọ mọ àṣà kí a máa da oúnjẹ sí ọmọ lẹ́nu tipátipá yìí. Nílẹ̀ Yorùbá, rírọ là ń pè é. Bóyá o ti rí i lójú ara rẹ, bóyá ìwọ náà ti ṣe é. Ìyá tàbí ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ sí itan gbalaja, orí ọmọ á rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ láàárín orúnkún. Á ká apá ọmọ kan mọ́ abẹ́ abíyá ara rẹ̀, á di èkejì mú. Á wá ká àtẹ́lẹwọ́ òsì mọ́ àgbọ̀n ọmọ, kó ṣe kòtò lábẹ́ ètè. Á máa da ẹ̀kọ láti inú ife sínú àtẹ́lẹwọ́ yẹn, àtẹ́lẹwọ́ á máa dà á sí ẹnu. Bí ọmọ bá ké, ẹnu là, ẹ̀kọ wọlé. Bí ọmọ bá pa ẹnu dé, wọ́n á fi ìka dí i nímú, torí pé ẹni tí wọ́n dí nímú kò ní ṣaláì la ẹnu kó lè mí. Ẹ̀kọ á máa ṣàn lọ sí etí, sí ọrùn, sí oókan àyà. Ọmọ á máa ta ẹsẹ̀. Nígbà tí ife bá gbẹ, wọ́n á gbé e nàró, wọ́n á fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò bóyá ó ti le, wọ́n á ní: “Ó ti yó! Ọmọ mi ti yó!”

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun ọmọ ní gbogbo àkókò yẹn. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Ọ̀kan ń gbé oúnjẹ lọ sí ikùn, èkejì ń gbé èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdérí kékeré kan wà tó ń bo ọ̀nà èémí nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Nítorí èyí, ènìyàn kì í gbé nǹkan mì kó tún máa mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó ń ké a máa fa èémí sínú gidigidi láàárín igbe kan sí èkejì, ọ̀nà èémí rẹ̀ á sì là sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ tí wọ́n dí nímú, ẹnu kan ṣoṣo tó kù fún un ló ní láti fi mí, òun náà ló ní láti fi gbé ẹ̀kọ mì. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Bí èyí tó pọ̀ bá wọ ọ̀nà èémí lẹ́ẹ̀kan, ọmọ lè kú lórí itan. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́, ẹ̀dọ̀fóró á gbọgbẹ́, ọmọ á máa wúkọ́, ara rẹ̀ á máa gbóná, òtútù àyà á sì dé. Báyìí ni ti ọmọ Lọ́ńdọ̀nù yẹn.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún ọ. “Gbogbo wa ni wọ́n rọ, a ò kú.” Àwa tí a kò kú la ń sọ ọ́. Lọ bá àwọn ìyá àgbà, kí o sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, mélòó ló kù. Ọ̀pọ̀ á sọ fún ọ pé òtútù àyà mú ọ̀kan lọ, giri mú ọ̀kan lọ, ọ̀kan kàn sùn ni kò jí. Láyé ìgbà yẹn, bí ọmọ bá kú báyẹn, àbíkú ni wọ́n á pè é, tàbí kí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru ayé. Mi ò sọ pé ẹ̀kọ ló pa gbogbo wọn. Ibà pa ọmọ, èèyi pa ọmọ, ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ka iye èyí tí ife ẹ̀kọ pa, nítorí pé kò sẹ́ni tó fura sí ife.

Kí ló dé tí ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ á fi ṣe báyìí? Ẹ̀rù ni àkọ́kọ́. Ọmọ tuntun a máa yára wúwo. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ bá fi tó nǹkan bí oṣù márùn-ún, wọ́n ti wọn ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí wọ́n fi wáyé. Ṣùgbọ́n ó máa ń tó bí ọdún kan kí ó tó di ìlọ́po mẹ́ta. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn oṣù kẹfà, eré náà ń dín kù, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìsàn rárá. Ọmọ ti ń yí, ó ti ń rá, ó ń fi agbára ara rẹ̀ ṣeré. Àkókò yẹn náà ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oúnjẹ. Ìyá á wá wo ọmọ, á rí i pé kò rí rọ̀bọ̀tọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, á rò pé oúnjẹ ni kò tó. Aládùúgbò kan á tún kọjá, á ní, “Ọmọ yìí mà rù o.” Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó láti mú kí ènìyàn gbé ife.

Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ lórí ìwọ̀n ọmọ rẹ, káàdì ni kí o wò, má wo ọmọ aládùúgbò. Káàdì tí nọ́ọ̀sì ń fi àmì ìwọ̀n sí yẹn, ọwọ́ ilẹ̀ wa wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wọn àwọn ọmọdé déédéé, wọ́n ń fa ìlà ìdàgbà wọn sórí káàdì tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tí káàdì náà fi ń kọ́ni ni pé ibi tí ìlà kọjú sí ló ṣe pàtàkì. Ọmọ tó rí tíńrín tí ìlà rẹ̀ ń gòkè ń dàgbà, fọkàn balẹ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ tí ìlà rẹ̀ dúró sójú kan, tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, òun ni kí o tètè gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìbáà sanra. Nílé-ìwòsàn ni wọ́n ti ń wá ìdí rẹ̀. Ife ẹ̀kọ kò lè wá a.

Ìdí kejì ni ẹ̀kọ fúnra rẹ̀. Tẹ́tí sí èyí dáadáa, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. A rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a da èèrí nù. Ògì funfun tó kù ni a tún wá fi omi púpọ̀ pò, kó lè rọrùn láti dà. Ohun tó wà nínú ife yẹn, omi ló pọ̀ jù. Ikùn ọmọ kò sì tóbi. Àwọn tó ń kọ́ abiyamọ nípa oúnjẹ ọmọ ń ṣírò rẹ̀ sí bíi mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá wọn kílò 8, ikùn rẹ̀ kò gbà ju bíi mílílítà 240 lọ. Bí omi bá kún ibẹ̀, kò sí àyè fún ohun tó ń mú ara dàgbà. Ọmọ á yó, kò ní dàgbà. Ìyá á rí i pé kò dàgbà, á da púpọ̀ sí i. Ọmọ á kọ̀, torí ikùn rẹ̀ ti kún. Ìyá á di imú rẹ̀ mú. Ṣé o rí i báyìí? Omi inú ẹ̀kọ ló ń ti abiyamọ síbi kí ó máa rọ ọmọ.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀kọ lásán kò tó. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, kọ nípa àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí wọ́n sì ń fi oúnjẹ àgbàdo nìkan tọ́. Ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pupa, awọ ara wọn ń bó. Ọmọ lè jẹ ẹ̀kọ ní àjẹyó kó sì máa kú lọ.

Nílé tiwa náà, àwọn olùwádìí ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìpínlẹ̀ Kwara ní ìparí àwọn ọdún 1980. Wọ́n bá àwọn ìyá jókòó, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ, wọ́n sì jọ ṣe ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀kọ ìlera. Ògì náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan, epo pupa àti ṣúgà sí i, ó sì ki. Inú mi máa ń dùn sí iṣẹ́ yìí, nítorí pé wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó da ògì nù. Ohun tó wà nílé ni wọ́n fi tún ohun tó wà nílé ṣe. Ìwọ náà lè ṣe é láìná owó púpọ̀, kódà o lè yọ ṣúgà kúrò níbẹ̀. Po ẹ̀kọ kó ki tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣàn dànù bí o bá da ṣíbí délẹ̀. Lọ ẹja gbígbẹ tàbí edé kúnná, bu ṣíbí kékeré kan sí i. Fi epo pupa díẹ̀ sí i, tàbí ẹ̀pà tí o lọ̀ títí tó fi di ọbẹ̀, tàbí ẹyin sísè tí o tẹ̀ fọ́. Ọ̀ọ̀lẹ̀ tó rọ̀ dára. Ẹ̀dọ̀ adìẹ tó jinná tí o tẹ̀ kúnná dára gan-an, torí pé láti bí oṣù kẹfà, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá tí ọmọ gbé láti inú ìyá rẹ̀ ti ń tán lọ, ọmú nìkan kò sì lè dá a padà. Ọmọ tó bá jẹ ṣíbí díẹ̀ nínú irú oúnjẹ yìí ti jẹ ju ẹni tí wọ́n rọ ife kan ẹ̀kọ ṣíṣàn fún lọ.

Àkókò tó yẹ kí o bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oúnjẹ ṣe kedere. Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ọmú nìkan ni fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo, lẹ́yìn náà kí oúnjẹ wọlé, kí ọmú sì máa bá a lọ títí ọmọ á fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Wo ọmọ rẹ náà. Ọrùn rẹ̀ yẹ kó ti le, kó lè jókòó bí o bá fi ọwọ́ gbé e ró, kó máa nawọ́ sí oúnjẹ tí o ń jẹ.

Bí a ṣe máa fún un ni àwọn ọ̀dọ́ abiyamọ ń jiyàn lé lórí báyìí, pàápàá àwọn tiwa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní ṣíbí ni. Àwọn kan ní kí a gbé oúnjẹ rírọ̀ síwájú ọmọ, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un jẹ. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Gill Rapley, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àwọn abiyamọ wò nílé, ló sọ ọ̀nà kejì yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Òun àti Tracey Murkett kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 2008. Èmi kò rí ìjà nínú méjèèjì. Ìwọ lè fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ tó ki láàárọ̀, kí o sì gbé iṣu sísè tó rọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí píà síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án kó fi ọwọ́ tirẹ̀ jẹ. Kìkì kí ohun tí o gbé síwájú rẹ̀ jẹ́ èyí tí ìwọ lè fi ìka méjì tẹ̀ fọ́. Má fún un ní ẹ̀pà odindi, má fún un ní gúgúrú, má fún un ní ẹran tó yi tàbí ẹja tó ní eegun, má sì fún un ní oyin kó tó pé ọdún kan. Má sì jẹ́ kó jẹ́ èso nìkan lo máa ń gbé síwájú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí méjèèjì fi jọra ló gbani là. Ọmọ jókòó nàró. Ọmọ rí oúnjẹ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló la ẹnu. Bí ó bá sì yí ojú kúrò, ó parí. Bí o bá ń lo ṣíbí, mú un dé iwájú ètè rẹ̀ kí o sì dúró. Dúró. Jẹ́ kó wá bá ṣíbí. Ṣíbí méjì sí mẹ́ta tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Láti oṣù 6 sí 8, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni oúnjẹ. Láti oṣù 9 lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìpanu díẹ̀ láàárín, ọmú sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ó ń gba àkókò, mo mọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni rírọ, ṣíbí lè gba ìdajì wákàtí. Ìwọ ní ọjà láti lọ, ọkọ̀ ń dúró, ẹni tí ń bá ọ tọ́jú ọmọ ní ọmọ márùn-ún mìíràn lọ́wọ́. Ìkánjú yìí náà wà lára ohun tó ń fa rírọ òde òní. Nítorí náà, lọ sí ibi tí o ń gbé ọmọ sí ní àkókò oúnjẹ, láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀, kí o sì wo bí wọ́n ṣe ń fún un jẹun. Àwọn àgbà wa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ìyá ọkọ ńkọ́? O mọ bí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ṣe máa ń lọ. Ìyàwó á kúnlẹ̀, á ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má rọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi, màá tún fún un tó bá yá.” Màmá á wò ó, á ní, “Ìyàwó mi, ṣé ìwọ lo máa wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ? Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi rọ ọkọ rẹ, òun ló ga tó báyìí.” Má bá wọn jà. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà, wọ́n sì ti wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀. Fún wọn ní iṣẹ́ mìíràn níbi oúnjẹ. Sọ pé, “Màmá, ẹ bá mi máa kì í nígbà tí mo bá ń fún un jẹun, ohùn yín ló ń gbọ́.” Bí ìyá àgbà bá ti ń ki ọmọ ní oríkì, ọmọ á kọjú sí i, á rẹ́rìn-ín, ẹnu á là, ṣíbí á wọlé láìsí ogun. Bí èyí kò bá sì ṣiṣẹ́, ìwọ ọkọ tí o ń ka èyí, iṣẹ́ tìrẹ dé. Ìwọ ni kí o bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Má fi ìyàwó rẹ sílẹ̀ nìkan nínú ìyẹn. Ọmọ rẹ ni.

Ọjọ́ mìíràn wà tí ọmọ kò ní jẹ rárá. Wo ẹnu rẹ̀ bóyá eyín ń hù, bóyá egbò wà níbẹ̀. Fọwọ́ kan ara rẹ̀ bóyá ó gbóná. Rántí bóyá o ti fún un ní omi tàbí bisikí kí àkókò oúnjẹ tó tó. Bí kò bá sí ohun tó ṣe é, fún un ní ọmú, kí o sì gbé oúnjẹ kúrò. Oúnjẹ tuntun tí ó kọ̀ lónìí, tún fi lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, kí o sì tún fi lọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní láti tọ́ nǹkan wò nígbà púpọ̀ kí wọ́n tó gbà á. Bí ó bá kọ oúnjẹ àti ọmú pa pọ̀, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́. Gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìwọ á sì gbọ́ ọ tí ó ń ṣe bíi pé ó fẹ́ bì nígbà tí ó bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ nǹkan. Ojú rẹ̀ á pọ́n, á wúkọ́, á pọ oúnjẹ jáde. Má bẹ̀rù, ara rẹ̀ ló ń dáàbò bo ọ̀nà èémí. Èyí tó léwu kì í pariwo. Ọmọ kò ké, kò wúkọ́, ètè rẹ̀ ń dúdú. Bó bá rí báyìí, má ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu láìrí ohun tó wà níbẹ̀. Da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí apá rẹ, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà lọ, fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá jáde, yí i padà, fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀márùn-ún. Máa ṣe méjèèjì lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi jáde, kí ẹlòmíràn sì máa wá ọkọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti rọ ọmọ rẹ lónìí tàbí lánàá, tó sì ń wúkọ́ tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ká aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tí ó bá dákẹ́, kí o wo àyà rẹ̀. Mú aago, ka bí ó ṣe ń mí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Fún ọmọ tó ti pé oṣù 2 tí kò tíì pé ọdún kan, bí ó bá tó 50 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọlé bí ó ṣe ń mí, má fún un ní àgbo, má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ní wákàtí yẹn, kí o sì sọ fún dókítà, láìtijú, pé wọ́n rọ ọ́.